Àgbà Méjì Lórí Wáyà Kan

Ọjọ́ Ajé, 9 Júùnù 1997

Àpótí dísìkì dé lónìí. Ọlálékan tó tà á fún wa ló gbé e wá fúnra rẹ̀ láti Ìbàdàn, ó fi fóòmù ibùsùn wé e bí ẹni wé ọmọ tuntun. Òjò na ọkọ̀ rẹ̀ láti Ìkìrun títí tó fi wọ Ìlá. Gbogbo òṣìṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ jáde wá wò ó, wọ́n ń kí ara wọn kú oríire. Àpótí dúdú lásán ni o, iná wẹ́wẹ́ ló tò síwájú rẹ̀. Inú rẹ̀ ni sáfà wa méjèèjì, àwọn kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilé ẹ̀kọ́, yóò máa kó ẹrù sí: sáfà ọ́fíìsì Ọ̀gá, tó ní èsì ìdánwò gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, àti sáfà ọ́fíìsì Bọ́sà, tó ní ọ̀rọ̀ owó.

Lójú gbogbo èèyàn ni Ọ̀gá Alfred ti sọ ọ́: "Rẹ̀mí, ọjọ́ tí sáfà méjèèjì bá ń bá àpótí yìí ṣiṣẹ́ láìkọsẹ̀, ọjọ́ yẹn ni mo máa fọwọ́ sí ìwé ìtúsílẹ̀ rẹ. Wàá lọ bá ọkọ rẹ ní Kàdúná." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe? Láìsí ìwé yẹn, ilé ẹ̀kọ́ tí Jóṣúà ọkọ mi bá mi wá iṣẹ́ sí lọ́hùn-ún kò ní gbà mí.

Oyún yìí ti lé ní oṣù márùn-ún. Nọ́ọ̀sì Dinah ní tí Júláì bá ti parí, òun ò fẹ́ gbọ́ pé mo gun ọ̀nà jíjìn. Èyí tó wálẹ̀ lára mi lọ́dún tó kọjá, Alhaja Wàsílátù onílé mi ló gbé mi lọ sí ọsibítù lórí ọ̀kadà, ọkọ mi wà lókè ọya, kò tiẹ̀ gbọ́ títí di ọjọ́ kẹta. Ẹ̀rù ń bà mí. N kò fẹ́ kí èyí tún bá mi níbí lémi nìkan.

Ọjọ́rú, 11 Júùnù

Ọlálékan padà sí Ìbàdàn, ṣùgbọ́n kí ó tó lọ ó kó wa jọ, ó ṣàlàyé. Wáyà kan ṣoṣo ló so àpótí mọ́ sáfà méjèèjì, ó gba ara ògiri kọjá láti yàrá kọ̀ǹpútà sí ọ́fíìsì Bọ́sà. Ó ní ohun gbogbo tó bá wà lórí wáyà yẹn ló gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀. Àpótí fúnra rẹ̀ wà ní òdo. Bí sáfà méjì bá jẹ́ nọ́ńbà kan náà, àpótí kò ní mọ ẹni tó ń pè é, kò sì ní dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Bí àwọn méjèèjì bá sì fẹ́ sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ ga jù ni yóò kọ́kọ́ sọ tirẹ̀. Méje ló ga jù.

Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. "Àgbà wà lórí wáyà náà nìyẹn! Ẹ fún Bàbá ní méje."

Bàbá Oyèbísí, Bọ́sà wa, na ọwọ́ méjèèjì sókè. "Ó tì o. Ẹ̀yin ni Ọ̀gá."

"Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi lẹ jẹ́, sà."

"Ìyẹn ń bẹ nílé. Nínú ọgbà yìí, ẹ̀yin lẹ gbà mí síṣẹ́."

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é bí ẹni méjì tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí oníkálukú ń sọ pé kí ìkejì kọ́kọ́ wọlé. Ẹsẹ̀ mi ti wú, mo wà lórí ìdúró. Nígbà tó sú mi, mo fi Ọ̀gá sí méje, mo fi Bọ́sà sí mẹ́fà, mo ní ó ti tán. Àdìsá, akọ̀wé Bọ́sà, na ọrùn wo bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Kò sí ẹni tó bínú. Lójú tèmi o.

Ọjọ́bọ̀, 12 Júùnù

Ó rí i! Sáfà méjèèjì rí àpótí! Mo ti pín inú rẹ̀ sí méjì kí ẹnikẹ́ni má baà tọwọ́ bọ ẹrù ẹnìkejì, oníkálukú sì ń kó tirẹ̀ sí ààyè rẹ̀. Mo jó díẹ̀ nínú yàrá kọ̀ǹpútà, ọmọ inú náà ta mí nípàá. Mo lọ sí Nítẹ́ẹ̀lì láti pe Jóṣúà, mo ní kó bẹ̀rẹ̀ sí í tún yàrá ṣe. Ọ̀gá ní òun yóò fojú ara òun rí i lọ́jọ́ Ajé.

Ọjọ́ Ajé, 16 Júùnù

Ìtìjú. Ọ̀gá jókòó, mo tan gbogbo rẹ̀, ojú ẹ̀rọ sì sọ pé kò sí dísìkì kankan níbẹ̀. Mo pa á, mo tún tàn án. Ó dúró gbagidi. Ọ̀gá rọra dìde, ó ní, "Máa fara balẹ̀ ṣe é, ọmọ mi. A ò lé ẹ." Àwọn ò lé mi lóòótọ́. Ìyẹn gan-an ni wàhálà mi.

Ọjọ́rú, 18 Júùnù

Mo tú ìdérí ìparí wáyà, mo nù ún, mo tún un dè. Rárá. Mo yọ sáfà Bọ́sà kúrò lórí wáyà: ti Ọ̀gá nìkan rí àpótí. Mo yọ ti Ọ̀gá: ti Bọ́sà nìkan rí i. Mo pa wọ́n pọ̀: kò sí ẹni tó rí nǹkan kan. Òjò rọ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 20 Júùnù

Owó ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń gbà láti àná, Bàbá Oyèbísí kì í sì jẹ́ kí ẹni tí kì í ṣe ọmọ ọ́fíìsì òun wọlé tí owó bá wà nílẹ̀. Mo dúró lójú fèrèsé.

"Bọ̀ọ̀dá Àdìsá, ẹ jọ̀ọ́, nọ́ńbà tó wà lára sáfà yín ńkọ́?"

"Nọ́ńbà ò ṣe nǹkan kan, Àǹtí. Ó wà bó ṣe yẹ kó wà."

Kì í ṣe nọ́ńbà nìyẹn. Ó ní láti jẹ́ wáyà.

Ọjọ́ Ẹtì, 27 Júùnù

Ìtọ́jú aláboyún. Dinah ní ẹ̀jẹ̀ mi ga díẹ̀, ó ní kí n dín ìrònú kù. Mo ní kó lọ sọ fún àpótí.

Ọjọ́ Ẹtì, 4 Júláì

Wáyà tuntun dé láti Ìbàdàn, awakọ̀ kan ló bá wa mú un wá. Mo gbà pé èyí ló máa parí rẹ̀, débi pé mo ti di aṣọ mi sínú báàgì lánàá. Mo fi rọ́pò ti tẹ́lẹ̀. Bákan náà ló rí. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá náà, mo sunkún. Àdìsá yọjú, ó rí mi, ó bojú wolẹ̀, ó sì padà lọ. Àánú mi ló ṣe é, mo rò bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 10 Júláì

Nẹ́pà ti mú iná lọ láti ọjọ́ Ajé. Kò sí epo jẹnẹrétọ̀, ẹni tí wọ́n rán lọ sí Ọ̀rà wá epo gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo padà wá. Kẹrosíìnì náà ti tún gbówó lórí. Kò sí ohun tí mo lè ṣe ju kí n jókòó ti àpótí tó ti kú. Mo ti há. Ọgbà yìí há, yàrá yìí há, kódà bùbá mi ti há, Alhaja ti tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì.

"Kí ló dé tóò kàn lọ bá ọkọ ẹ?" ni Alhaja bi mí bó ṣe ń fi ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ rán an. "Bébà lásánlàsàn!"

Mo ní bébà lásánlàsàn náà ni iṣẹ́. Láìsí iṣẹ́, owó oṣù Jóṣúà kò lè gbọ́ bùkátà àwa mẹ́ta. Ó pòṣé, ó ń rán aṣọ lọ.

Ọjọ́ Ajé, 14 Júláì

Mo pe Jóṣúà. Mo ní ṣé kò lè tọrọ àyè díẹ̀ kí ó wá. Ó ní ọ̀gá òun yóò ní kí òun máa lọ pátápátá. Ó wá ní, "Rẹ̀mí, ṣé ìwọ gan-an fẹ́ kúrò níbẹ̀ sá?" Mo gbé fóònù kalẹ̀ mọ́ ọn létí. Ó dùn mí títí mo fi délé.

Ọjọ́ Ẹtì, 18 Júláì

Mo ti rí i o! Àdìsá lọ sìnkú ní Ìgbájọ, Bàbá Oyèbísí fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Mo tan sáfà wọn, mo wo nọ́ńbà rẹ̀. Méje! Èmi fi mẹ́fà síbẹ̀, mẹ́fà ti di méje. Ẹni méjì ti ń jẹ́ méje lórí wáyà kan láti ọjọ́ yìí, àpótí kò sì dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Mo dá a padà sí mẹ́fà. Kíá, àpótí jí. Gbogbo iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú.

Mo ké sí Ọ̀gá. Ọ̀gá wò ó, inú rẹ̀ dùn, ó ní kí ó di ọjọ́ Ajé kí a lè mọ̀ pé kò ní tún kú.

Ọjọ́ Ajé, 21 Júláì

Ó tún kú. Àdìsá ti dé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22 Júláì

Mo dènà dè é nídìí igi máńgòrò. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá Àdìsá, ẹ̀yin lẹ̀ ń dá sáfà Bàbá padà sí méje. Kí ni mo ṣe fún yín?"

Àgbàlagbà ọkùnrin, òógùn bò ó. "Àǹtí, ẹ má pariwo. Ọ̀gá ló rán mi."

"Ọ̀gá wo?"

"Ọ̀gá wa. Ìyàwó wọn ò jẹ́ kí wọ́n gbádùn nílé, pé wọ́n fi ẹ̀gbọ́n òun sábẹ́. Ọ̀gá wá pè mí. Wọ́n ní kí n rọra gbé Bàbá lọ sí méje, kí n wá gbé tàwọn wálẹ̀ sí mẹ́fà, kí n má sọ fẹ́nì kankan."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò gbé ti Ọ̀gá wálẹ̀?"

Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. "Èmi Àdìsá? Kí n fọwọ́ ara mi gbé Ọ̀gá wálẹ̀? Ó wù mí kí n ṣe é, ọwọ́ mi kọ̀ ni."

Ó ṣe ààbọ̀ iṣẹ́, ìtìjú kò jẹ́ kí ó sọ fún ẹni tó rán an, ẹ̀rù kò jẹ́ kí ó sọ fún mi. Ọ̀gá rò pé òun ti wà ní mẹ́fà, ó ń wo èmi bí ẹni tí kò mọ iṣẹ́. Èmi sì ń nu wáyà! Inú bí mi débi pé mo rẹ́rìn-ín. Báwo ni mo ṣe fẹ́ lọ sọ fún Ọ̀gá pé ọwọ́ rẹ̀ ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí? Òun ló ni ìwé mi.

Ọjọ́rú, 23 Júláì

Mo gba ọ̀nà tó yẹ, mo lọ bá ìyàwó Ọ̀gá, Màmá Bọ́lánlé, nílé. Mo kúnlẹ̀, bí ó tilẹ̀ ní kí n má kúnlẹ̀ pẹ̀lú oyún. Mo ṣàlàyé. Ó gbọ́ ọ délẹ̀délẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi ni yóò jẹ́ méje," ló sọ. "Òun ló rán mi níwèé."

"Ó dáa, mà. Ẹ wá bá mi sọ fún Ọ̀gá, kí n gbé ti wọn wálẹ̀ sí mẹ́fà."

Ojú rẹ̀ yí padà. "Ọkọ mi? Sí mẹ́fà? Lábẹ́ ta ni?"

"Lábẹ́ ẹ̀gbọ́n yín, mà."

"Ta ló ní kí ọkọ mi wà lábẹ́ ẹnì kankan nínú ilé ẹ̀kọ́ tó jẹ́ olórí ẹ̀?"

Ó fún mi ní ọsàn àti ẹyin ìbílẹ̀, ó gbàdúrà fún mi, ó sìn mí dé gbàgede. Èèyàn dáadáa ni. N kò mọ ibi tí mo tún máa kọjú sí.

Ọjọ́bọ̀, 24 Júláì

Òjò. Ìbínú. N kò fọwọ́ kan nǹkan kan lónìí.

Ọjọ́ Ajé, 28 Júláì

Mo ṣe ohun tí n kò rò pé mo lè ṣe. Bàbá Oyèbísí ló wá bá mi ní yàrá kọ̀ǹpútà. Ó ní ṣé àpótí yìí kò ní gbé wa débì kankan ni, kí wọ́n dá a padà fún Ọlálékan. Kò sí ìbéèrè tó le níbẹ̀, ṣùgbọ́n omi bọ́ lójú mi.

Mo ní, "Bàbá, àpótí ò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀yin àti Ọ̀gá ló wà lórí nọ́ńbà kan náà. Ẹnikẹ́ni ò fẹ́ gbé ìkejì wálẹ̀, ẹ̀ ń bọ̀wọ̀ fún ara yín, èmi lẹ sì so mọ́lẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni Júláì parí. Oyún mi ọdún tó kọjá, ibí yìí ló ti bọ́, n kò sì fẹ́ kí èyí tún bọ́ sí mi lọ́wọ́ lẹ́yìn ọkọ mi."

Ó yọ fìlà. Mo rò pé mo ti ba ayé ara mi jẹ́.

"Èmi wà lára àwọn tó so ẹ́ mọ́lẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Nọ́ńbà wo ló kéré jù?"

"Òdo, sà, àpótí ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan ló tẹ̀ lé e."

"Wá. Wá fi ibi tí n ó tẹ̀ hàn mí." Ó wọ gíláàsì, ó jókòó síwájú sáfà rẹ̀, ó fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀ ẹ́ láti méje títí dé ọ̀kan, ó ń kà á sókè bí ọmọ iléèwé. Àdìsá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó káwọ́ lérí. Àpótí jí.

Bàbá gba ọ́fíìsì Ọ̀gá lọ, ó ti ilẹ̀kùn. N kò mọ ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 29 Júláì

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni Ọ̀gá ti dé yàrá kọ̀ǹpútà, kò lè wò mí lójú. Ó ní, "Rẹ̀mí, mi ò lè jókòó sókè réré kí Bàbá wà nísàlẹ̀. Gbé mi lọ sí méjì."

Mo gbé e lọ sí méjì. Àgbà kan ní ọ̀kan, àgbà kan ní méjì, gbogbo òkè ṣófo, àpótí ń ṣiṣẹ́ gẹ́lẹ́ bí ó ṣe yẹ. Mo ní, "Ọ̀gá, ìwé mi ńkọ́, sà?"

Ó ní kí a wò ó fún ọ̀sẹ̀ kan, torí àpótí ti tàn wá jẹ lẹ́ẹ̀mejì. Òótọ́ ni. Ta ló tàn án jẹ?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5 Ọ́gọ́ọ̀sì

Ọ̀sẹ̀ pé. Àpótí ò kọsẹ̀ rárá. Ọ̀gá rìnrìn àjò lọ Òṣogbo.

Ọjọ́ Ẹtì, 8 Ọ́gọ́ọ̀sì

Ọ̀gá ti dé, ó fọwọ́ sí ìwé mi! Ó ní òun yóò ṣàárò mi, ó ní kí n má bínú. Mo sọ fún un pé inú ti bí mi tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti tán. Ó rẹ́rìn-ín. Bàbá Oyèbísí fi iṣu ránṣẹ́ sí mi, èmi wo ni yóò gbé iṣu dé Kàdúná?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 Ọ́gọ́ọ̀sì

Dinah wọn ẹ̀jẹ̀ mi, kò fẹ́ràn ohun tó rí. Ó tún un wọ̀n. Ó ní, "Mo ti sọ fún ẹ, ìparí Júláì." Mo fi ìwé hàn án. Ó ní ìwé kì í gbẹ̀bí. Mo jáde láì dágbére fún un. Màá lọ. Mi ò jìyà gbogbo èyí lásán.

Ọjọ́ Ajé, 11 Ọ́gọ́ọ̀sì

Mo jí ní kùtùkùtù, Alhaja gbé báàgì mi dé gáréèjì, kò bá mi sọ̀rọ̀, ó kàn ń ṣàdúà lábẹ́lẹ̀. Mo jókòó síwájú nínú mọ́tò Ìlọrin, ìwé ìtúsílẹ̀ wà lábẹ́ àyà mi. Wọ́n ń pe èrò kan tó kù. Mọ́tò náà ń gbọ̀n bí wọ́n ṣe tan án sílẹ̀, ọmọ inú mi sì dákẹ́. Mo gbé ọwọ́ lé e, mo dúró dè é. Ó pẹ́ kí ó tó mira, nígbà tó sì mira, ìsàlẹ̀ ikùn mi le koránkorán bí ó ṣe le lọ́dún tó kọjá, ó wá tú díẹ̀díẹ̀.

Èrò tó kù dé. Awakọ̀ ní kí n súnmọ́ inú. Kò sí Ọ̀gá níbẹ̀, kò sí Bọ́sà, kò sí ẹni tó dì mí mú. Èmi fúnra mi ni mo ṣílẹ̀kùn, mo sọ̀kalẹ̀. Awakọ̀ ń ṣépè pé mo fi àkókò àwọn ṣòfò. Alhaja ṣì dúró síbẹ̀, kò sọ pé mo ṣe dáadáa, ó kàn gba báàgì lọ́wọ́ mi.

A ya Nítẹ́ẹ̀lì. Jóṣúà gbé fóònù, inú rẹ̀ ń dùn, ó ní ṣé mo ti dé Ìlọrin.

Mo ní, "N kò bọ̀ mọ́. Ìwọ ni kí o wá."

Mo gbọ́ ariwo ọ́fíìsì wọn lẹ́yìn rẹ̀, ẹnì kan ń pe orúkọ rẹ̀ pé kí ó wá kíá. Mo rò pé yóò sọ ti ọ̀gá rẹ̀. Mo ti ń wá ohun tí n ó fi dá a lóhùn.

Ó ní, "Kí ni kí n mú bọ̀?"

Mo ní kó mú ara rẹ̀ bọ̀.